Ẹrù Tí A Dì Láìsọ fún Ẹni Tí Yóò Rù Ú: Ìbẹ̀rù àti Ìgbéyàwó nínú Fíìmù Mágùn ti Túndé Kèlání

Ìfáárà

Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti gbé fíìmù Ayé jáde ní ọdún 1979, tí Jáiyésinmi sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1980, ni àwọn òǹwòran Yorùbá ti mọ̀ pé fíìmù lè dẹ́rù ba ènìyàn ní èdè abínibí wọn. Nínú àwọn fíìmù méjèèjì yìí, orísun ìbẹ̀rù kò fara sin. Àwọn àjẹ́ ni ó ń da ìlú láàmú, akọni tí ó ní àṣẹ lẹ́nu ni ó sì ń kojú wọn. Ọ̀tá dá dúró lọ́tọ̀, ẹni rere dá dúró lọ́tọ̀. Bí a bá ti ṣẹ́gun ọ̀tá, ìlú yóò tòrò.

Fíìmù tí aáyan yìí ń gbé yẹ̀ wò kò fún òǹwòran ní irú ìtura bẹ́ẹ̀. Thunderbolt: Magun ni àkọ́lé rẹ̀. Túndé Kèlání ni olùdarí, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe, sì gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ìtàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀; Fẹ́mi Káyọ̀dé ni ó sọ ọ́ di eré fún fíìmù. Ìtàn tọkọtaya ni. Kò sí ẹgbẹ́ àjẹ́ níbẹ̀, kò sí òkú tí ń rìn lóru. Ọkọ kan fura sí aya rẹ̀, ó sì fi mágùn sí i lára. Gbogbo ohun tí ó dẹ́rù bani nínú fíìmù náà, láti inú ìgbéyàwó ni ó ti jáde. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu òǹwòran lẹ́yìn fíìmù yìí ni pé: ṣé òótọ́ ni mágùn? Aáyan yìí gbà pé ìbéèrè náà ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó jinlẹ̀ jù lọ nínú fíìmù náà. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni pé: ta ni ó di ẹrù yìí, ta ni ó sì ń rù ú? Ibi tí fíìmù náà bá ti di ìbéèrè yìí mú ṣinṣin ni ó ti lágbára jù. Ibi tí ó bá ti sọ ọ́ nù ni ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀.

Ojú Ẹ̀pà: ìbẹ̀rù tí ó ru ilé

Kí a tó wọ inú fíìmù náà, ó yẹ kí a wá òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Àṣà àwọn aṣelámèyítọ́ kan ni láti máa wo fíìmù adẹ́rùbani bí ẹni pé òkèèrè nìkan ni ìlànà irú eré bẹ́ẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní iṣẹ́ ọnà tí ó ń fi ìbẹ̀rù ṣiṣẹ́ kí kámẹ́rà tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ti gbèrú ni agbègbè tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti ti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ní apá Èkìtì ni Ọ̀sì wà, ìlú Àreògún, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954. Bándélé, ọmọ rẹ̀, ni ó kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní apá Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí Ìlọfà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni Kájọlà àti Odò-Ọ̀wá wà, níbi tí Bámigbóyè ti gbé ṣiṣẹ́. Bámigbóyè yìí kan náà ni ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún ní ọdún 2022, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ àfihàn náà.

Lára iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni agọ̀ Ẹ̀pà, tí àwọn mìíràn ní agbègbè náà ń pè ní Ẹlẹ́fọ̀n. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìkòkò, òun ni a ń kì bọ orí. Ìkòkò yìí ní ojú níwájú àti lẹ́yìn. Ojú náà yọ síta, ẹnu rẹ̀ là, kò jọ ojú ènìyàn tí a lè bá ṣeré. Ní orí ìkòkò ni ère wà: jagunjagun lórí ẹṣin, oníṣègùn tí ẹyẹ yí ká, tàbí ìyá tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Ère ti òkè gún régé, ó tutù, ó lẹ́wà. Gbogbo rẹ̀ lè ga ju mítà kan lọ, ó sì wúwo púpọ̀. Ní àwọn ìlú Èkìtì kan, ẹni tí ó bá gbé e gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá dúró dáadáa, ọdún yóò san ìlú. Bí ó bá ṣubú, àmì búburú ni.

Ohun mẹ́ta ni Ẹ̀pà lè kọ́ ẹni tí ó fẹ́ wo fíìmù adẹ́rùbani. Èkíní ni pé ìbẹ̀rù àti ilé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn; ojú tí ó ń bani lẹ́rù ni ó ru ìyá àti ọmọ. Èkejì ni pé ẹni tí ó ru ẹrù náà mọ̀ pé òun rù ú. Ó ti gbára dì fún un, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń fò. Ẹ̀kẹta ni pé gbangba ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò rí i, gbogbo ìlú ni yóò sì pín nínú rẹ̀.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn mágùn, ìyàtọ̀ yóò hàn kedere. Mágùn náà jẹ́ ẹrù ìbẹ̀rù tí a gbé lé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé e lé kò mọ̀, wọn kò bi í, a kò sì fún un ní òkìtì kankan tí yóò fò gùn láti fi ara rẹ̀ hàn ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ranlẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni a ti dì í, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti pani. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni fíìmù Kèlání dá lé.

Ìtàn inú fíìmù ní ṣókí

Yínká, tí Láńre Balógun ṣe, jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ngozi, tí Uche Obi-Osotule ṣe, jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ẹnu iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni wọ́n ti pàdé, wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì di tọkọtaya. Ọ̀nà ìpàdé yìí kì í ṣe ohun tí a kàn fi kún ìtàn. Ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n sì lè mọ àwọn ènìyàn tí kì í ṣe tiwọn. Ìgbéyàwó Yínká àti Ngozi jẹ́ èso irú ìrètí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ fa àlàfo sí àárín wọn. Ngozi ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó jìnnà sí ọkọ rẹ̀. Inú àlàfo náà ni àhesọ gbà wọlé: wọ́n ní aya rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀yà tí ó ti wá kún ẹ̀sùn náà. Yínká gbọ́, ó gbà, kò sì béèrè. Láìpẹ́, Ngozi gbọ́ pé a ti fi mágùn sí òun lára. Kì í sì í ṣe ẹnu ọkọ rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Ìṣègùn òyìnbó kò rí àrùn kankan. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Wọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí ọkùnrin kan kò bá bá a lòpọ̀ láàárín iye ọjọ́ tí a ti kà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kú; bí ọkùnrin bá sì bá a lòpọ̀, ọkùnrin náà ni ikú yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Dókítà Díméjì, tí Wálé Macaulay ṣe, tí kò gba mágùn gbọ́ tẹ́lẹ̀, ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ọkùnrin, tí a kọ sára obìnrin

Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ fíìmù yìí. Àwọn kan lè rí èyí bí àbùkù, pàápàá nínú iṣẹ́ olùdarí tí ó gbé Ó Le Kú àti Ṣaworoidẹ jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, èdè náà bá ìtàn mu. Yínká àti Ngozi kò ní èdè abínibí kan náà. Èdè tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn ni wọ́n fi fẹ́ra, òun náà ni wọ́n fi ń tọ́jú ilé. Nígbà tí wàhálà dé, Yínká kúrò nínú èdè tí òun àti aya rẹ̀ jọ ń sọ, ó bọ́ sínú èyí tí aya rẹ̀ kò gbọ́. Mágùn ni ó fi sọ̀rọ̀.

Àkọ́lé fíìmù náà fi èyí hàn. Thunderbolt kì í ṣe ìtumọ̀ mágùn. Ẹdùn àrá ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń tọ́ka sí, ohun tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run láìsí ẹni tí a lè mú sọ pé òun ni ó jù ú. Mágùn ní tirẹ̀ jẹ́ gbólóhùn àṣẹ: má gùn. Ó ní ẹni tí ó pa á, ó sì ní ẹni tí a pa á fún. Ẹni tí a pa á fún yìí kì í ṣe obìnrin. Ọkùnrin mìíràn, tí ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ sí, ni ọkọ ń bá wí. Ara aya rẹ̀ ni ó kàn fi ṣe pákó ìkọ̀wé. Obìnrin náà ń gbé ìkìlọ̀ tí a kò kọ sí i kiri, òun sì ni ọjọ́ rẹ̀ ń pé. Bí àkọ́lé òkèèrè ṣe sọ ọ́ di àrá, ọwọ́ tí ó dì í pòórá. Bí ti Yorùbá ṣe sọ ọ́ di àṣẹ, ọwọ́ náà tún hàn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá

A ti máa ń fi fíìmù yìí wé Othello ti Shakespeare, ìfiwéra náà sì tọ́ dé ìwọ̀n kan. Nínú méjèèjì, ọkọ gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́ ju ti aya rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ méjì ló wà tí ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ kíyè sí. Nínú Othello, ọkọ ni àjèjì láàárín àwọn ènìyàn aya rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé òun kò tó wà lára ohun tí ó bà á jẹ́. Nínú fíìmù Kèlání, aya ni àjèjì. Yínká wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, láàárín èdè rẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń fura, ẹ̀sùn tí ó sì gbà gbọ́ dùn ún gbà nítorí pé ìlú ti sọ irú rẹ̀ nípa ẹ̀yà aya rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àhesọ kò nílò ẹ̀rí púpọ̀ níbi tí ẹ̀tanú bá ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un.

Ìyàtọ̀ kejì ni ti ẹ̀rí. Othello béèrè fún ohun tí ojú lè rí, áńkáṣíìfù kan ni a sì fi tàn án jẹ. Yínká kò béèrè fún ẹ̀rí kankan, nítorí pé mágùn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń mú ẹ̀rí jáde. Bí àlè bá wà, yóò ṣubú, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ohun tí ó mú mágùn wu onífura nìyẹn: kò ní láti wo aya rẹ̀ lójú kí ó sọ pé, ‘Mo gbọ́ báyìí báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?’ Mágùn kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ó kàn ń dúró.

Yorùbá ní òwe fún ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe náà kò sọ pé ẹni tí ó gba irọ́ gbọ́ ni òṣìkà. Ó sọ pé ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹnìkejì ni òṣìkà, ìbáà jẹ́ pé ohun tí ó gbọ́ jẹ́ òótọ́. Nípa báyìí, bí Ngozi bá tilẹ̀ jẹ̀bi, Yínká kò ní bọ́ nínú ìdájọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n Ngozi kò jẹ̀bi, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù tòótọ́ inú fíìmù náà sì wà. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé òfin mágùn bí fíìmù náà ṣe là á sílẹ̀. Obìnrin tí ó bá ní àlè yóò yè, nítorí pé àlè rẹ̀ ni yóò gba ikú náà. Obìnrin tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ sí ọkọ rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ọkùnrin mìíràn súnmọ́ òun, ni yóò kú nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ìwà rere rẹ̀ gan-an ni yóò pa á. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó fi lè yè ni pé kí ó ṣe ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án. Ọkọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá ohun tí ó ń bẹ̀rù. Bí Ngozi bá kú, olóòótọ́ ni ó kú. Bí ó bá yè, ayé lè sọ pé ẹ̀sùn náà ti ṣẹ. Ìdájọ́ tí kò sí ọ̀nà àbáyọ nínú rẹ̀ nìyí, àbò ni wọ́n sì pè é.

Nígbà tí ara obìnrin di pápá ẹ̀rí

Ibi tí fíìmù náà gbé èyí kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ni ó ti dára jù: obìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ti di ohun tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ti ń sún mọ́ òpin, ìjà mìíràn gba àyè ti ìgbéyàwó: ìjà láàárín ìṣègùn òyìnbó àti ìṣègùn ìbílẹ̀. Ta ni ó mọ̀ jù? Ṣé òótọ́ ni mágùn, àbí ìgbàgbọ́ lásán? Díméjì wọ inú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìfẹ́ lọ́wọ́ kan àti ìwádìí lọ́wọ́ kejì.

A lè mọ ìdí tí olùdarí fi gba ọ̀nà yìí. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń fi ìmọ̀ ìbílẹ̀ ṣẹ̀sín, Kèlání sì ti fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dá a láre. Fíìmù náà tún jáde ní àkókò tí àrùn éèdì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àrùn tí a kò fojú rí, tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀, tí ẹni tí ó ru ú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun rù ú: òǹwòran ìgbà náà kò lè ṣàìrí ìjọra. Láti sọ pé kí oníṣègùn méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, jẹ́ ohun tí ó wúlò.

Síbẹ̀, a san nǹkan kan fún un. Nígbà tí Díméjì bá ṣubú, ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni a rí, ẹ̀mí rẹ̀ ni a ń sáré dá sí, ìyípadà ọkàn rẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ìtàn. Ngozi, tí ó ti ń ka ọjọ́ ikú tirẹ̀, di ibi tí ẹ̀rí ti wáyé. Kí ni ó túmọ̀ sí kí obìnrin kan gbà fún ọkùnrin nígbà tí ikú ni èsì kejì? Akin ni Díméjì, ṣùgbọ́n akin rẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò sí oníṣègùn, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tí a lè fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Yínká. Bí ẹ̀rí bá ti dé pé mágùn jẹ́ òótọ́, ó rọrùn kí oògùn gba gbogbo ẹ̀bi, kí ọwọ́ tí ó fi oògùn náà sílò má rí ìwọ̀n ìdájọ́ tí ó tọ́ sí i.

Òṣùwọ̀n Ẹ̀pà tún wúlò níbí. Ẹni tí ó bá gbé Ẹ̀pà fò, tí ó sì ṣubú, ìlú kì í bi igi léèrè bóyá ó wúwo ní tòótọ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó wúwo. Ohun tí wọ́n ń wò ni ènìyàn. Ìparí fíìmù Kèlání wo igi ju ènìyàn lọ.

Mágùn láàárín àwọn fíìmù mìíràn

Bí a bá gbé fíìmù yìí sí àárín àwọn tí ó jọ ọ́, ohun tí ó ṣe yóò tún yé wa sí i. Nínú Living in Bondage, fíìmù elédè Ìgbò tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní ọdún 1992, Andy fi aya rẹ̀, Merit, rúbọ kí ó lè lówó. Merit kú, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ń padà wá bá ọkọ rẹ̀ títí orí fi dàrú mọ́ ọn. Níbẹ̀, aya tí a ṣẹ̀ di orísun ìbẹ̀rù, òun náà sì ni ó gbẹ̀san. Ngozi kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ààyè ni ó wà, kò sì bá ẹnikẹ́ni lójú oorun. Fíìmù Kèlání kọ̀ láti sọ obìnrin tí a ṣẹ̀ di iwin, ìpinnu tí ó yẹ kí a yìn ín fún ni.

Kèlání fúnra rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ yìí nínú The Narrow Path ní ọdún 2006, tí ó dá lórí ìwé Báyọ̀ Adébọ̀wálé. Níbẹ̀, ọkùnrin kan fipá bá Àwẹ̀ró lòpọ̀ kí ó tó relé ọkọ, nígbà tí wọn kò sì bá a nílé, ìtìjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ogun láàárín abúlé méjì. Kò sí oògùn nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ara obìnrin tún ni àwọn ọkùnrin fi ń ka ọlá ara wọn. Ní ọdún 2021, apá kìíní nínú Juju Stories, tí Michael Omonua darí, yí ọ̀rọ̀ náà padà: ọmọbìnrin ni ó fi oògùn ìfẹ́ mú ọkùnrin tí ó wù ú. Bí a bá to àwọn fíìmù wọ̀nyí papọ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀. Níbi gbogbo tí ẹnì kan bá ti pinnu nípa ara ẹnìkejì láìbéèrè, ìfẹ́ ti kú níbẹ̀ kí oògùn tó ṣiṣẹ́. Ní ti èyí, ọkùnrin àti obìnrin kò yàtọ̀.

Láti Ọ̀sì dé Ìlọfà: ìgbéyàwó ọ̀nà jínjìn

Kì í ṣe ìtàn Ọ̀sì tàbí Ìlọfà ni Kèlání ń sọ. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìlú tí àgùnbánirọ̀ àti olùkọ́ máa ń wá sí láti ọ̀nà jínjìn ni wọ́n. Àwọn ìlú tí àwọn ọmọ wọn ń lọ sí Ìlọrin, Èkó àti òkè òkun fún iṣẹ́ ni wọ́n pẹ̀lú. Tọkọtaya tí iṣẹ́ pín níyà kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀. Ọkọ lè wà ní ìgboro, kí aya máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní abúlé. Aya lè lọ, kí ọkọ dúró. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ìròyìn ń gbà kọjá láàárín wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jínjìn fúnra rẹ̀ ti la ẹnu ògiri díẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń sọ ìtàn mágùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀nà tí a ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni láti fi ṣe àlè ní yẹ̀yẹ́: ọkùnrin tí ó tàkìtì, tí ó kọ bí àkùkọ, tí omi tí ó mu pa á. A rẹ́rìn-ín, ìtàn parí. Nínú ẹ̀yà yẹn, ó ṣọ̀wọ́n kí a bi obìnrin náà ní nǹkan kan, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a béèrè ohun tí ọkọ ṣe kí ó tó dé ìdí oògùn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré lè dàgbà di ẹni tí ó rò pé ẹ̀tọ́ ọkọ ni kí ó dán aya wò pẹ̀lú ikú. Fíìmù Kèlání gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wa. Ó gbé kámẹ́rà sí ọ̀dọ̀ obìnrin, ó sì jẹ́ kí a jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ń lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó bẹ́ẹ̀, yóò nira fún un láti padà sọ ìtàn náà bí ó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Aáyan yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé Thunderbolt: Magun lágbára níwọ̀n ìgbà tí ó bá rántí pé ìgbéyàwó ni orísun ìbẹ̀rù rẹ̀. Èdè rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Othello, àti òfin oògùn tí ó ń pa olóòótọ́, gbogbo wọn ń tọ́ka sí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ àìbéèrè. Ìparí rẹ̀ dẹ̀ nítorí pé ó gbé ìbéèrè nípa òótọ́ mágùn ga ju ìbéèrè nípa ẹni tí ó lò ó lọ.

Àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sì àti Odò-Ọ̀wá mọ̀ pé kò sí ilé tí kò ní ìbẹ̀rù nínú. Wọn kò gé ojú ìkòkò náà kúrò kí ère ìyá lè dá dúró. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé méjèèjì jáde síta, wọ́n sì fi wọ́n lé orí ẹni tí ó mọ̀ pé òun fẹ́ rù wọ́n. Tọkọtaya náà ní ìbẹ̀rù tiwọn: ìbẹ̀rù ọ̀nà jínjìn, ìbẹ̀rù àhesọ, ìbẹ̀rù pé ẹni tí a fẹ́ lè má fẹ́ni mọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé Yínká bẹ̀rù. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó di ìbẹ̀rù náà ní ẹrù, ó gbé e lé aya rẹ̀ lórí, kò sì sọ fún un.